Bí ọmọ ṣe ń ṣe sí lẹ́nu ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́: ìbéèrè àwọn òbí l'Ábùjá àti ìdáhùn mi

Lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé, ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kubwa níbí, láti Pírámárì 3 títí dé SS 2. Táwọn òbí bá wá mú ọmọ wọn lálẹ́, ẹnu géètì ni wọ́n ti máa ń bi mí: "Àńtí, báwo lọmọ mi ṣe ń ṣe sí?" Mo ti dáhùn títí ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, pẹ̀lú èyí táwọn ará Kàdúná àti Kánò fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Káàdì èsì ń bọ̀ níparí sáà. Kí ló dé tí mo tún ní láti máa yẹ ọmọ wò lójoojúmọ́?

Torí pé káàdì máa ń pẹ́ kó tó dé. Sáà kan ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 13. Ohun tí kò yé ọmọ lọ́sẹ̀ kejì, olùkọ́ ti to ẹ̀kọ́ mẹ́ta mìíràn lé e lórí kí ẹ tó rí máàkì. Káàdì á sọ fún yín pé ó gba 43 nínú ìṣirò, kò ní sọ ibi tó ti kọsẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan ní Pírámárì 5 ṣí nóòtù ìṣirò rẹ̀ síwájú mi. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni 1/2 + 1/3 = 2/5. Ó ro ti òkè pọ̀, ó ro ti ìsàlẹ̀ pọ̀. Mẹ́jọ ló ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀ léra, déètì orí ìwé sì fi hàn pé ó ti lé ní ọjọ́ mẹ́wàá tó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sí bíró pupa kankan lójú ewé náà.

Ìyá rẹ̀ àgbà ló wá mú un lọ́jọ́ náà. Gàrí àti ìrẹsì ni wọ́n ń tà lọ́jà. Mo ní, "Màmá, ẹ bá mi dá sí i." Wọ́n bi í pé, "Tí mo bá wọn ìdajì múdù ìrẹsì fún ẹ, tí mo tún bu ìdá kan nínú mẹ́ta múdù lé e, ṣé ó ju ìdajì lọ àbí kò tó o?" Ọmọ ní ó ju ìdajì lọ. Mo ní kó wo 2/5 tó kọ dáadáa: ṣé ó tó ìdajì? Ó wo ìwé, ó wò mí, ó wo ìyá àgbà. Ni màmá bá bú sẹ́rìn-ín: "Mo fi kún un, ó wá dín! Oníbàárà wo ló máa gbà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi?" Lálẹ́ ọjọ́ yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í gé nǹkan sọ́nà mẹ́fà, ó sì fúnra rẹ̀ rí i pé 5/6 ni. Ká ní a dúró de káàdì ni, 2/5 yẹn ni ì bá gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Mi ò kí ń délé kó tó di aago mẹ́jọ. Kí ni mo fẹ́ rí wò?

Ìṣẹ́jú 15 tó. Ẹ má fi "kí lẹ kọ́ lónìí?" bẹ̀rẹ̀, "kò sí" lẹ máa gbọ́. Ẹ mú nóòtù kan ṣoṣo, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo déètì. Bí ìlànà ọ̀sẹ̀ bá sọ pé ìṣirò wà lọ́jọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, tí nóòtù sì fò láti ọjọ́ kẹta oṣù bọ́ sí ọjọ́ kẹtàdínlógún, ẹnì kan ò wá sí kíláàsì nìyẹn. Ó lè jẹ́ ọmọ, ó lè jẹ́ olùkọ́. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa béèrè.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa nóòtù dé, kí ẹ ní kó kọ́ yín. Kì í ṣe kó kà á fún yín o, kó kọ́ yín. Ọmọ tí nǹkan yé á máa wá ọ̀rọ̀, á máa fọwọ́ ṣàpẹẹrẹ, á ní "bí àpẹẹrẹ báyìí". Èyí tí kò yé á máa sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé bó ṣe wà gẹ́lẹ́, bí ẹni ń ké oríkì tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ibi tó bá ti kólòlò, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀. Ó parí fún ọjọ́ yẹn.

Ṣé ó pọn dandan kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, torí ẹ máa gbàgbé. Ìwé kékeré kan ti tó. Ẹ wo bí ti ọmọ tèmi kejì ṣe rí lọ́sẹ̀ kan báyìí:

Ajé. Ìṣirò: ó lè ro ìdá tí ìsàlẹ̀ wọn bára mu, kò tíì lè ro èyí tí kò bára mu.
Ìṣẹ́gun. Gẹ̀ẹ́sì: ó ka ojú ewé kan sókè, ó kọsẹ̀ nígbà 9.
Ọjọ́rú. Ibà. Kò lọ.
Ọjọ́bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì, ojú ewé kan náà: ó kọsẹ̀ nígbà 4.
Ẹtì. Sáyẹ́ǹsì: ó mọ orúkọ ẹ̀yà ara òdòdó, kò mọ iṣẹ́ wọn.

Ẹ ò rí "ó gbìyànjú" tàbí "ó dáa" níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò wúlò fún ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ kọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò tíì lè ṣe. Mo fẹ́ràn "kò tíì" gan-an; ọmọ náà máa ń jí ìwé yẹn kà, ó sì mọ̀ pé "kò tíì" yàtọ̀ sí "kò lè".

Ẹ̀kọ́ wọn ju 10 lọ. Ṣé gbogbo rẹ̀ ni mo máa wò lálẹ́?

Rárá o, ẹ máa pa ara yín. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń dàgbà.

Ìṣirò ni mo ń wò lójoojúmọ́, torí tòní orí tàná ló jókòó lé. Ọmọ tí kò mọ ìsọdipúpọ̀ sórí, algebra á fìyà jẹ ẹ́ ní JSS, kì í ṣe torí pé algebra le, àmọ́ torí pé orí rẹ̀ ṣì ń wá 7 lọ́nà 8 kiri nígbà tí olùkọ́ ti lọ síwájú.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ kíkà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ má díwọ̀n rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ń lọ bí irun orí, ẹ ò lè jókòó kẹ́ ẹ máa wo bó ṣe ń hù. Ẹ jẹ́ kó ka ojú ewé kan sókè lónìí, kó tún un kà lóṣù tó ń bọ̀, kí ẹ fi etí yín gbọ́ ìyàtọ̀. Àṣìṣe kan wà táwọn ọmọ wa máa ń ṣe, wọ́n á pe ìyá wọn ní "he". Ẹ má nà wọ́n. Yorùbá ò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin nínú "ó". "Ó ti dé" ló gba bàbá àti màmá. Ẹ ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn fún un lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá máa ràn án létí.

Sáyẹ́ǹsì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó, ṣùgbọ́n ẹ má béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó wà láàárín ilé. Kí ló dé tí aṣọ fi ń tètè gbẹ lásìkò ọyẹ́, nígbà tí oòrùn ò tiẹ̀ mú tó ti oṣù kẹta? Ọmọ tí ọ̀rọ̀ omi àti afẹ́fẹ́ yé á sọ fún yín pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ó sì ń fa omi. Ẹ fi garawa bo koríko ẹ̀yìnkùlé fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí ẹ bá ṣí i, tí koríko ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ ní kó sọ ìdí rẹ̀. Nóòtù tó kọ nípa bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ wá oúnjẹ, ibẹ̀ lẹ máa mọ̀ bóyá ó wọlé.

Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti ti ojúṣe ọmọ ìlú, ẹ fi òpin ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ lè ṣe é nínú ọkọ̀. Area council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, mélòó ló wà nílùú Ábùjá? Mẹ́fà ni: AMAC, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji. Èwo ni tiwa? Ọ̀pọ̀ ọmọ Kubwa ni kò mọ̀ pé Bwari làwa wà. Ẹ̀yin ará Mararaba, ẹ tiẹ̀ rọra béèrè, torí ẹ̀ẹ̀kan náà ni ọmọ máa sọ fún yín pé Ìpínlẹ̀ Násáráwá lẹ̀ ń gbé, kì í ṣe Ábùjá tí ẹ ń pariwo fáwọn ará ilé.

Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń béèrè: "Ṣé ọwọ́ rẹ kàn án lónìí?" Mo ti rí ọmọ tó ya àwòrán mouse sínú nóòtù, tó kun ún, tó gba 10 nínú 10, tí kò sì fọwọ́ kan ọ̀kan rí.

Iṣẹ́ ọ̀gbìn, ẹ fún un ní àgbàdo méjì kó lọ gbìn ín.

Ọmọ mi gba 18 nínú 20. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo bi í, kò mọ nǹkan kan. Ṣé ó jí i wò ni?

Ẹ má fura sí i bẹ́ẹ̀. Ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1885 nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ara rẹ̀ ló fi ṣe ìdánwò. Ó ń há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì ń wo iye tó kù lórí rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ kan, títí dé oṣù kan. Ó rí i pé kíákíá lohun téèyàn há sórí ń fò lọ ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni fífò lọ náà á wá falẹ̀. Ohun tó ń dá a dúró ni kéèyàn máa padà sídìí rẹ̀, kó sì fi àlàfo sáàárín.

Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí. Ohun tí wọ́n kọ́ lónìí, mo ń béèrè rẹ̀ lọ́la, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àti lẹ́ẹ̀kan sí i kí oṣù tó parí. Ìṣẹ́jú méjì péré nígbàkígbà. Ẹ béèrè kó tó ṣíwèé, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti kà á tán, torí wíwá a kiri nínú orí yẹn gan-an ló ń mú un dúró.

Nǹkan mìíràn tún wà. Àwọn olùkọ́ kan máa ń sọ ibi tí tẹ́sìtì ti máa jáde fún kíláàsì. Ọmọ á há ìbéèrè márùn-ún sórí, á gba 18. Tẹ́sìtì bẹ́ẹ̀ ò díwọ̀n nǹkan kan ju agbára ìhásórí lọ.

Báwo ni máàkì ojoojúmọ́ ṣe kan èsì rẹ̀ gan-an?

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, CA, ìyẹn iṣẹ́ inú kíláàsì, iṣẹ́ àṣetiléwá àti tẹ́sìtì, ló ní 40, ìdánwò ìparí sáà ní 60. Àwọn kan ń lo 30 àti 70. Ẹ béèrè ti ilé-ìwé yín. Ọmọ tó bá ti kó 34 nínú 40 jọ kí ìdánwò tó dé, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní SS, ẹ rántí bí WAEC ṣe ń pín in: 75 sókè ni A1, 50 sí 54 ni C6, tó jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá nínú kírẹ́díìtì. Yunifásítì ń fẹ́ kírẹ́díìtì márùn-ún, ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ló sì fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà níbẹ̀. Ti JAMB tún yàtọ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin, ìbéèrè 180 (60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan yòókù), wákàtí méjì. Tí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Nítorí náà fún ọmọ SS 2, mo máa ń kọ àkókò tó lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì. Ọmọ tó gba gbogbo rẹ̀ ṣùgbọ́n tó lo ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣì níṣẹ́ láti ṣe.

Háúsá ni wọ́n fi sórí ìlànà ẹ̀kọ́ wọn, kò sí olùkọ́ Yorùbá. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Háúsá dáadáa nílé wa. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bó ń tẹ̀ síwájú?

Ìyá kan láti Kàdúná ló bi mí léyìí, inú ń bí wọn. Mo ní kí wọ́n má bínú. Ọmọ tó bá gbọ́ Háúsá ní òkè ọya kò ní sọnù lọ́jà, kò sì ní sọnù níbi iṣẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti mọ̀. Albasa ni àlùbọ́sà wa, lafiya ni àlàáfíà wa, wahala ò tiẹ̀ ń fẹ́ ìtumọ̀. Kí ọmọ wá irú wọn mẹ́ta wá lọ́sẹ̀ kan. Nínú nóòtù, ẹ wo bóyá ó ń fi ìwọ̀ sára ɓ, ɗ àti ƙ, torí wọ́n yàtọ̀ sí b, d àti k lásán, olùkọ́ á sì gé máàkì. Nǹkan kan tún wà tó máa ń dára mọ́ mi: Háúsá ń ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, shi fún ọkùnrin, ita fún obìnrin. Ọmọ tó bá ti mọ ìyẹn, "he" àti "she" kì í yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Mo ti lò ó fún ọmọ méjì, ó sì ṣiṣẹ́.

Fún ìdánwò ìparí ọ̀sẹ̀, ẹ rán an lọ ra nǹkan lọ́wọ́ mai shago, ìyẹn onísọ́ọ̀bù, kó fi Háúsá béèrè iye owó. Bó bá mú ṣéńjì tó pé wálé, ó ti gba 10 nínú 10.

Tí mo bá ń sọ Yorùbá sí i nílé, ṣé kò ní fà á sẹ́yìn?

Kò ní fà á sẹ́yìn. Ohun tó yé ọmọ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìkan ló kù kó kọ́. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan lọ́dún 2022 pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní kíláàsì mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 wọ́n ní àwọn fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò. Kíláàsì nìyẹn kàn, kò kan yàrá ìdáná yín.

Ẹ tiẹ̀ wo òǹkà wa. Márùndínláàádọ́ta ni 45: mú 5 kúrò nínú 50. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, 60 tí a yọ 10 kúrò nínú rẹ̀ ni. Ọmọ tó bá ń ka Yorùbá ti ń ṣe ìyọkúrò kó tó mọ̀ pé ìṣirò lòun ń ṣe.

Ó ń lọ ilé-kéwú ní ìrọ̀lẹ́. Ṣé kò ti pọ̀ jù fún un?

Ó dá lórí oorun rẹ̀. Tó bá ń tòògbé ní kíláàsì láàárọ̀, ó ti pọ̀ jù, ẹ jókòó pẹ̀lú ààfáà kẹ́ ẹ dín wákàtí kù. Bí kò bá tòògbé, ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ tó ń há Kùránì sórí ti mọ bí wọ́n ṣe ń padà sídìí ohun tí wọ́n kọ́ lánàá, ọgbọ́n tí mò ń fi àárọ̀ fi alẹ́ kọ́ àwọn yòókù.

Ṣé kí n fi wé ọmọ ẹni tí a jọ ń gbé?

Rárá. Ẹ fi wé ara rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Mo mọ bàbá kan tó pa adìyẹ torí pé ọmọ rẹ̀ ṣe ipò kìíní. Ọmọ mẹ́sàn-án ló wà ní kíláàsì náà.

Olùkọ́ rẹ̀ ní "ó ń gbìyànjú". Kí ni mo máa fi ìyẹn ṣe?

Ọmọ mi àgbà gba káàdì fún sáà mẹ́ta tẹ̀ léra, "máa bá a lọ bẹ́ẹ̀" ni ọ̀rọ̀ olùkọ́ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan èyí tó ti gba 38 nínú kẹ́mísírì. Mo bi olùkọ́ náà léèrè pé kí ọmọ máa bá kí ni lọ? Mo tún wá rí káàdì ọmọ mìíràn ní kíláàsì náà, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ìjà lọ. Olùkọ́ tó ní ọmọ 40 níwájú ò lè rántí gbogbo wọn bí ẹ bá ká a mọ́ ẹnu géètì. Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ wá béèrè ohun tó ní ìdáhùn: "Ẹ jọ̀ọ́ Àńtí, nínú ìdá ìṣirò, èwo ni kò tíì lè dá ṣe?" Tàbí kí ẹ ya fọ́tò ojú ewé tí ẹ sàmì sí, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i ní kọ̀rọ̀. Ẹ má sọ ọ́ sójú òbí 60 lórí WhatsApp kíláàsì. Olùkọ́ tí ẹ bá dójú tì níbẹ̀, ọmọ yín ló máa fojú winá rẹ̀.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya ń mú wa délé pẹ́, ó ti sùn nínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kó sùn. Ẹ béèrè láàárọ̀ nígbà tó bá ń wọ ìbọ̀sẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ kí àyà mi já?

Kì í ṣe torí máàkì kan. Ẹ fura tí ìwé yín bá sọ "kò tíì" lórí ohun kan náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú nóòtù pa mọ́. Ẹ fura gan-an tí ohun tó dà kọ láti ojú pátákó bá ń ní àṣìṣe, nígbà tí ohun tó dà kọ láti inú ìwé pé. Ojú lẹ máa kọ́kọ́ gbé lọ yẹ̀ wò ní ọsibítù, kì í ṣe lẹ́sìn. Èmi tí mò ń gba owó lẹ́sìn ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi ní JSS 1, wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Mo ní kó ka ohun tí mo kọ sójú pátákó láti àga ẹ̀yìn. Ó ń ṣẹ́jú, ó ń na ọrùn, ó wá dìde rìn wá síwájú kó tó kà á. Gíláàsì ojú ló ń fẹ́.

Tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi ńkọ́?

Ẹ gbé nóòtù sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 15 yẹn náà. Ẹ ṣí ìwé kékeré yín padà, ẹ wá gbogbo ibi tí "kò tíì" wà, kí ọmọ fúnra rẹ̀ mú èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ pa rẹ́. Ọmọ-ọmọ ìyá onírẹsì yẹn, ìdá ló kọ́kọ́ mú. Ó ní òun fẹ́ lọ bá màmá àgbà wọn ìrẹsì lọ́jà.